Ìlà Ebè Tí Mo Kọ fún Ọ̀rẹ́ Mi

Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ò ṣe ìlara rí, mo máa ń bi í pé, "Ṣé o ní ọ̀rẹ́?" Tó bá ní òun ní, mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ìlara kì í rìn jìnnà. Mi ò ṣe ìlara kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, rí láyé mi. Ó ní mọ́tò, ó ní ilé olókùúta, ó ní ẹni tó ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ fún un. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mi ò ṣe ìlara àwọn mẹ́tìrì tí wọ́n ń rán láti Àjàṣẹ́ wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní Faransé, tí wọ́n ń wọ bàtà aláwọ nínú ẹrẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Ẹni tí wọ́n bí ní àsìkò òjò tí wọ́n bí mi, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń pọnmi, tí ọkọ́ rẹ̀ àti ọkọ́ mi jáde láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà, òun ni mo ṣe ìlara títí ojú mi fi pọ́n. Àwáwí wo ni mo fẹ́ wí? Nǹkan kan náà la jọ ní, tirẹ̀ sì dára ju tèmi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò ní í purọ́. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ògiri náà sì ti wó níbi kan tí a máa ń gbà kọjá láti kékeré. Tó bá rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà á dúró, wọn á ní kó sọ ọ́ kí àwọn náà lè rẹ́rìn-ín. Tí èmi bá rẹ́rìn-ín, wọn á ní ta ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ra kẹ̀kẹ́, gbogbo àdúgbò bá a yọ̀. Nígbà tí èmi náà ra tèmi, wọ́n ní, "Ó ti fẹ́ ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ṣé ẹ rí i? Ti ìyá tó bí mi lọ́mọ ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Mo gbé igi ìdáná wálé, ọrùn mi fẹ́ ṣẹ́, ìyá mi ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ ti wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí o. Ọmọ dáadáa!" Mo ní, "Ìyá, ẹ kú oríire ọmọ." Wọ́n ní kí ni mo sọ. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe àáró nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni gbogbo wa. Lónìí a máa lọ sí oko tìẹ, lọ́la a máa lọ sí oko tèmi, títí yóò fi kárí. Ẹni tó loko ló ń bọ́ wa lọ́jọ́ náà. Tí a bá dé oko, kálukú á mú ìlà kan, á máa kọ ebè lọ láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé òpin oko. A kì í yẹ ìlà ẹlòmíràn wò. Tí o bá fi ẹsẹ̀ ti ebè ọmọ àáró wò bóyá ó dúró dáadáa, o ti pè é lólè nìyẹn, ìjà sì ti dé. Torí kí ni? Torí pé abẹ́ ebè kì í hàn síta. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ebè gidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro koríko, kó walẹ̀ jìn, kó tó wá kó erùpẹ̀ jọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó kàn máa wọ́ erùpẹ̀ bo koríko mọ́lẹ̀ ni. Lójú, bákan náà ni ebè méjèèjì rí. Iṣu nìkan ló mọ̀, iṣu ò sì ní í sọ̀rọ̀ títí oṣù mẹ́jọ fi máa kọjá.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, Faransé ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a kọ ebè, abẹ́ Faransé la wà. Nígbà tí iṣu yóò fi tó ó wà, a ó ti di ti ara wa. Ariwo rẹ̀ pọ̀ nílùú. Àwọn kan ní kò ní í sí lampó mọ́, ìyẹn owó orí. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ la ó máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kùtọnu. Èmi ò gbọ́ tiwọn. Ilẹ̀ kan ló wà lọ́kàn mi.

Bàbá arúgbó kan ní àdúgbò wa ló ni ilẹ̀ náà, lẹ́bàá odò Òkpárá. Ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá ni, tí ọkọ́ ń wọ̀ bí ẹni ń gé ẹ̀kọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti bá iṣẹ́ lọ sí Gánà, wọn ò bọ̀ mọ́. Oko tèmi sì rèé ní ọ̀nà Boni, níbi tí òkúta pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Bàbá ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé òun ò ní í fi ọmọ òun fún ẹni tó ń gbin òkúta. Mo fẹ́ ilẹ̀ yẹn débi pé mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ní ọjọ́ kan ni bàbá arúgbó náà pe èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń wá wò mí jù. Ilẹ̀ mi ò ṣe é pín, ẹnì kan ni yóò máa dá a. Tí iṣu tuntun bá jáde, màá wá sí oko yín. Kí kálukú mú mi lọ sí ìlà tó dá a lójú jù, kí n wa ebè mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tí iṣu rẹ̀ bá dára jù ló ni ín."

Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, a dúpẹ́. Èyí tó bá gbà á nínú wa, àwa méjèèjì la gbà á."

Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún! Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní "ẹ ṣé o, Bàbá," ọ̀rọ̀ mi sì já sílẹ̀ láìsí ẹni tó gbé e. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń sọ nínú ara mi pé, àwa méjèèjì wo? Tó bá bọ́ sọ́wọ́ mi, tèmi nìkan ni.

Ọjọ́ tí àáró kan oko ọ̀rẹ́ mi, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́ o, ẹ má gbà mí gbọ́ o, mi ò gbèrò ibi kúrò nílé. Mo mú ìlà kan, mo ń ro, mo ń walẹ̀, mo ń kọ ebè bó ṣe yẹ kéèyàn kọ ọ́. Mo dé àárín ìlà, òógùn ti bò mí, ni ọ̀rẹ́ mi bá gbé omi wá.

"Ọ̀rẹ́, ẹ̀yìn ti ń dùn ọ́. Mu omi, jẹ́ n bá ọ kọ díẹ̀."

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mu omi tán, ó ti kọ ebè mẹ́ta. Mẹ́ta! Wọ́n ga, wọ́n rí roboto, wọ́n dúró ṣinṣin, orí ìlà tèmi ni wọ́n sì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo fi òógùn kọ. Tèmi wá dà bíi pé ọmọdé ló kọ wọ́n. Ó dá ọkọ́ padà fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti kù díẹ̀," ó bá tirẹ̀ lọ.

Oore ló ṣe mí, mo mọ̀. Oore náà ló bí mi nínú. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bú u padà, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kí lèèyàn ń ṣe fún ẹni tó ṣe é lóore tí kò bẹ̀ ẹ́? Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mo wo koríko tó wà níwájú mi. Mi ò ro ó, mi ò walẹ̀. Mo wọ́ erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Mo tún kọ òmíràn bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ títí dé ìdí igi tó wà ní òpin oko, orí koríko ni mo kọ gbogbo ebè yẹn lé, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ dán wọn kí wọ́n lè lẹ́wà. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí ìlà lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo, wọ́n ní, "Ìwọ lo pa wá láyò lónìí o!" Ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn. Ẹ ò rí nǹkan? Inú mi dùn gan-an ni.

A gbin ebu iṣu tán. Ní ọjọ́ kan a jókòó ti iyán nílé rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

Ó ní, "Ìran ebu tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú, àwọn tó dára jù nínú rẹ̀, mo ṣà wọ́n lọ́tọ̀. Ìlà tìẹ ni mo gbìn wọ́n sí. Ibẹ̀ ni màá mú Bàbá lọ."

Mo ní, "Ìlà tèmi kẹ̀? Kí ló ṣe èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ?"

"Èmi? Mo mọ bí mo ṣe ń kánjú. Ìwọ kì í kánjú. Ọwọ́ rẹ dá mi lójú ju ọwọ́ mi lọ."

Mo ti òkèlè bọ ẹnu. Mo bu ọbẹ̀ mu lé e.

Àyè ṣì wà nígbà yẹn. Tí ebu ò bá tíì hù, èèyàn lè hú u, kó tú ebè náà, kó walẹ̀, kó tún un kọ, kó sì dá ebu padà sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni: "Ọ̀rẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́." Mi ò sọ ọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà. Mo jẹ́wọ́ pé mo bú èèyàn, mo jẹ́wọ́ pé mo pa Máàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tiẹ̀ jẹ́wọ́ máńgòrò tí mo jí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ebè kò jáde lẹ́nu mi. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbùkún tí kì í ṣe tèmi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀rí ọkàn wá gbé mi dìde. Mo gbé ọkọ́, mo gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ, mo ní kó tó wá bá mi níbẹ̀, màá ti tún nǹkan ṣe. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé iṣu ti hù. Ó ti ń fà mọ́ igi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ewé náà tutù ju ti oko mi lọ. Lórí koríko! Lórí ebè tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́! Ẹ gbà mí! Wọ́n máa ń ní bí wọ́n gún iyán nínú ewé, tí wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń pa òwe náà fún. Mo ní, ó dára, ọ̀rẹ́, orí rẹ ni kó bá ọ tún un ṣe. Mo gbé ọkọ́ mi lé èjìká, mo padà sílé.

Wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀, wọ́n gbé tiwa sókè níwájú ilé kọmandáǹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tìrì ń sunkún gbangba lójú gbogbo ayé. Ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ mi, ó ń fò sókè. "Ọ̀rẹ́, a ti bọ́! A ti bọ́ o!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti bọ́. Mo bá a fò, ó sì rò pé ayọ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá ránṣẹ́ sí wa. Oko tèmi ló kọ́kọ́ wá. Ó wa ebè mẹ́ta. Kì í ṣe àwòṣífìlà, ṣùgbọ́n iṣu ni, ó gùn díẹ̀, ara rẹ̀ dán. Bàbá ní, "Kò burú, fún ilẹ̀ olókùúta." A bá gba oko ọ̀rẹ́ mi lọ, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a jọ ń ṣe àáró ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣáájú. Ó kọjá àwọn ìlà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, mo sì ń wo bí ebè wọn ṣe sán láti inú, torí iṣu ń tì wọ́n jáde. Ó dúró níwájú ìlà tí mo kọ.

"Bàbá, ibí yìí ni."

Oòrùn mú, ó sì ti rẹ Bàbá. Ó rìn lọ sábẹ́ òjìji igi tó wà ní òpin ìlà. Ká ní ó dúró láàárín, níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti bá mi kọ mẹ́ta yẹn, bóyá ìtàn mi ìbá yàtọ̀. Ó wa ebè àkọ́kọ́. Iṣu tó jáde ò ju ìkúùkù èèyàn lọ. Ó wa èkejì, ó là sí mẹ́rin bí ọwọ́ tí wọ́n ká ìka rẹ̀. Ìkẹta, ikán ti jẹ ẹ́ dé àárín. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí ebè náà. Ó fa koríko jáde, koríko tó ti funfun, tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ó dì í mú. Ó ń wò ó. Kò gbójú wò mí.

Bàbá ní, "Ta ló kọ ìlà yìí?"

Mo ń wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ Bàbá.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi ni, Bàbá. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo kánjú."

"Ìwọ? O fẹ́ gba ilẹ̀ mi, o sì ń kọ ebè lé orí koríko? Ojú ò tì ọ́? Ọ̀lẹ!"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Àwọn mẹ́rin tó kù mọ ẹni tó kọ ìlà yẹn. A jọ wà níbẹ̀ ni. Wọ́n wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ẹnu mi wà níbẹ̀, ahọ́n mi wà nínú rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Bàbá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ló ni ilẹ̀ náà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣé.

Ẹ máa rò pé ìlara mi parí lọ́jọ́ náà. Kò parí o! Tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ ni, iṣu rẹ̀ ni. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "èmi ni," ló ń jó mi lára. Mo mọ̀ pé mi ò lè sọ irú rẹ̀ láéláé. Mo gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún jù mí lọ lórí ilẹ̀ náà. Kò bá mi jà. Kò bi mí léèrè. Ó ń gba ibi ògiri wa kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kí mi, ó ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń retí kó bú mi, títí inú fi ń bí mi pé kò bú mi. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé, há, ó ń dúró dè mí ni. Ó ń dúró de ọjọ́ tí àáró máa kan ilẹ̀ mi.

Ọjọ́ náà pé. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sẹ́bàá odò Òkpárá, ó mú ìlà kan, ó kọrin, ó kọ ebè, ó jẹun, ó ní ọbẹ̀ ìyá mi dùn, ó lọ sílé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní ọjọ́ kejì tí mo ti débẹ̀, èmi nìkan. Mo dúró síwájú ìlà rẹ̀. Mo mọ òfin wa. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo tú ebè àkọ́kọ́.

Kò sí koríko. Ó walẹ̀ jìn, erùpẹ̀ rọ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo ní ọgbọ́n ló fi ṣe é, àwọn tó wà níwájú ló tọ́jú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tú èkejì, mo tú ìkẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tú wọn. Nígbà tí mo dé àárín ìlà, mo ti ń gbàdúrà. Mo ní Olúwa, koríko kan péré. Ẹyọ kan! Ká ní mo rí ẹyọ kan, ǹ bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ǹ bá rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì ìbá wá di ẹgbẹ́. Mo tú wọn dé èyí tó kẹ́yìn.

Mi ò gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró ní etí oko, ẹ̀wù tó gbàgbé sórí igi lánàá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Ṣé o rí koríko?"

Mo ní, "Rárá."

"Ti oko mi, mo ti gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ní inú ló bí ọ, ó sì ti tán." Ó na ẹ̀wù náà, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. "Mi ò mọ̀ pé o rò pé bákan náà la rí."

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Kò bá wa ṣe àáró mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó sọ fún àwọn tó kù pé ẹ̀yìn ń dun òun. Tí a bá pàdé, ó ń kí mi bí èèyàn ṣe ń kí àlejò.

Ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà tí mo tú yẹn, èmi nìkan ni mo tún un kọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ́. Mo walẹ̀ jìn, mi ò kánjú, mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí i. Nígbà tí mo parí, mo lọ dúró lókèèrè, mo wò ó. Kò dára tó tirẹ̀.